Wọ́n Wo Etí Ọmọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, okun o.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe ìkómọjáde kan nínú ìlú yìí. Kí a tó gbàdúrà rárá, ìyá àgbà kan gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ká fìlà rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ síwájú, ó sì wo ẹ̀yìn etí náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyá ń wá. Ọmọ tuntun máa ń pupa fún ìgbà díẹ̀, etí àti ìdí èékánná ni àwọn àgbà fi ń mọ àwọ̀ tí yóò gbà. Ìyá wò ó tán, wọ́n mí kanlẹ̀: "Háà, dúdú mà ni o. Bàbá rẹ̀ ló fi jọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ gba ọmọ rẹ̀, ó sì rọra fa fìlà bo etí náà padà. Mo rí i. Mo ṣí Bíbélì, mo bẹ̀rẹ̀ ìsìn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi lọ kí wọn. Ó bá ìyá ọmọ níbi tó ti ń fi ìpara kan pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ ṣú. Ọmọ oṣù mẹ́ta! Nígbà tí mo gbọ́, fìlà yẹn ló padà sí mi lọ́kàn. Ìpara kọ́ ló kọ́kọ́ wọ ilé yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, àti ìdákẹ́ èmi olùṣọ́-àgùntàn wọn.

Ẹ bá mi ṣí ìwé Númérì orí 12. Míríámù àti Áárónì sọ̀rọ̀ òdì sí Mósè nítorí obìnrin ará Kúṣì tó fi ṣaya. Ilẹ̀ Kúṣì wà ní gúúsù Íjíbítì, lápá ibi tí à ń pè ní Sudan lónìí. Ènìyàn dúdú ni wọ́n. Bíbélì kò sọ gbogbo ohun tí Míríámù wí nípa ìyàwó yẹn fún wa, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i: ó di adẹ́tẹ̀, ara rẹ̀ funfun bí òjò dídì. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ sí ìyàwó ará Kúṣì, funfun ni ara òun fúnra rẹ̀ di, àìsàn sì ni funfun náà. N kò sọ pé funfun burú o. Àwọn àfín wa, ọwọ́ Ọlọ́run kan náà ló mọ wọ́n, ẹni tó bá sì ní àfín nílé, kó ra fìlà olétí gbọọrọ fún un kí oòrùn má ba ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé inú Ọlọ́run kò dùn sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí àyànfẹ́ Mósè.

Àwa náà ń sọ ọ́, a kàn kì í fura ni. "Ó dúdú, ṣùgbọ́n ó rẹwà." Kí ni "ṣùgbọ́n" yẹn ń ṣe níbẹ̀? Nínú Orin Sólómọ́nì orí 1 ẹsẹ 5, Bíbélì wa kà pé, "Èmi dúdú, ṣùgbọ́n mo ní ẹwà." Ní èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà kékeré kan ṣoṣo ló wà níbi tí a fi "ṣùgbọ́n" sí, lẹ́tà kan náà sì ni wọ́n fi ń sọ "àti". Mo dúdú, mo sì lẹ́wà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kà á fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì máa kà á.

Àwọn kan rò pé ẹni tó bá funfun ló sún mọ́ Ọlọ́run, nítorí òyìnbó ló mú ìhìnrere wá. Lóòótọ́ ni Titcombe, míṣọ́nárì òyìnbó, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Okun ní 1908, a sì ń dúpẹ́ fún làálàá rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ní 1841, Àjàyí Crowther ti bá ọkọ̀ ojú omi gòkè wá dé ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló ṣíwájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884. Ọwọ́ dúdú ló tú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà láràárọ̀.

Ẹ tún wo àwọn aláró wa. Aṣọ ẹ̀tù, wọ́n á rẹ òwú rẹ̀ sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi ṣú dáadáa. Bó ṣe ń ṣú sí i ni owó rẹ̀ ń gòkè. Àwọn ìyá ńlá wa sì ń fín bùjẹ́ sára kí ara lè dúdú lọ́nà ẹwà. Wọ́n ń fi òrí pa wá lára nígbà ọyẹ́, ara á máa dán bí kóró iṣin. Adúmáadán ni wọ́n ń ki ọmọ nígbà náà, orí ọmọ á wú.

Ní ti àwọn ìpara yìí, mo bá àwọn nọ́ọ̀sì wa sọ̀rọ̀ kí n tó kọ̀wé. Ohun tó ń mú awọ dúdú, ààbò ni lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Mẹ́kúrì tó wà nínú òmíràn nínú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Hydroquinone, èròjà mìíràn nínú wọn, tí a bá lò ó pẹ́, lè dá àbàwọ́n dúdú bí aró sójú ẹni tó ń wá pípupa. Steroid, tí wọ́n tún ń pò mọ́ òmíràn, ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí dókítà bá fẹ́ rán ojú ọgbẹ́, awọ á máa já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 2023, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, kéde pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di pàjáwìrì nílẹ̀ wa.

Ẹ̀yin tó ń fi àwọn tó bóra ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ ń nàka sí oríkèé ìka wọn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dẹ́kun. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé wọn kò dára tó? Ọjọ́ méje ni Míríámù fi wà lẹ́yìn ibùdó, gbogbo Ísírẹ́lì kò sì ṣí kúrò títí wọ́n fi mú un wọlé padà.

Ìyá ọmọ tí mo sọ yẹn ti gbà mí láàyè láti kọ èyí. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkómọjáde mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá gba ọmọ náà, ẹ fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kí i ní oríkì rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ìpara abóra tó sì fẹ́ jáwọ́, kó má dá a dúró lójijì láìbá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, nítorí ara lè bú jáde. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì méjì yóò wà ní yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó mi yóò wà pẹ̀lú wọn. Ẹ mú ike ìpara náà dání bó ṣe wà. Wọn kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.