Ọ̀rọ̀ Ọkàn Ọ̀dọ́langba Nígbà Kòrónà: Ìtọ́jú Kò Kárí

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí bí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ṣe da ọkàn àwọn ọ̀dọ́langba rú, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ìyà kan náà ló jẹ gbogbo ọmọ. Olùkọ́ ni mí ní Nyanya, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Àbújá, mo sì ń kọ́ ọmọ kan tó ń gbé ní Maitama, àdúgbò àwọn olówó, lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù nígbà náà. Ohun tí mo rí ní ibi méjèèjì kò jọra.

Alẹ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, ilé-ìwé sì ti wà ní títì ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde nìkan ló wọlé ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹwàá ni àwọn yòókù tó padà. Ọmọ Maitama yẹn ní yàrá tirẹ̀ àti kọ̀ǹpútà, kò pa ẹ̀kọ́ kankan jẹ. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á, oorun kò sì kun ojú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ fura tí wọ́n fi wá oníṣègùn ọpọlọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ní Nyanya, ọmọbìnrin ọdún 15 kan wà ní kíláàsì mi, tí òun, àwọn òbí rẹ̀ àti àbúrò mẹ́rin jọ ń gbé yàrá kan. Bọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ ń wà, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ rìn. Fóònù bàbá nìkan ló wà nínú ilé, ọjọ́ tí owó dàtà bá sì wà ni ọmọ yìí ń rí iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní oṣù Kẹfà, ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́." Mo bá a lórí àpótí, ó tẹ́ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lé itan, ó ń fi abẹ́rẹ́ tú etí aṣọ náà, ó sì tún ń rán an padà sójú kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n sì ti gbé e lọ fún àdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí mo lè darí wọn sí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí a wọlé, kò padà wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2022 pé àìbalẹ̀-ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì fi ìdá 25 nínú 100 lé sí i káàkiri ayé ní ọdún àkọ́kọ́ àrùn náà, àti pé àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ló bá jù. Iye yẹn kò sọ ẹni tó rí ìtọ́jú gbà àti ẹni tí kò rí, ibẹ̀ sì ni ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù ti yapa.

Òótọ́ ni pé Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n olùgbaninímọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìwé wa, iṣẹ́ kíláàsì sì tún kún ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní òkè ọya, bíi ti Kaduna, Maiduguri àti Kware ní ìpínlẹ̀ Sókótó, owó ọkọ̀ ibẹ̀ nìkan ti ju agbára awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kò ríṣẹ́ ṣe lọ.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ Àbújá pé kí wọ́n fi ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Nyanya, Karu àti Mpape, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ́ àwa olùkọ́ ní àwọn àmì tó yẹ kí a máa wò. Mo fi ojú ara mi rí àmì kan lọ́dún náà, n kò sì mọ̀ pé àmì ni.

Olùkọ́ kan,
Nyanya, Àbújá.