Àwo Orin Tí Kò Jáde: Ẹ Yéé Bú Àwọn Olórin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ olórin wa l'Ékìtì yìí, pé wọ́n á máa pariwo lórí rédíò pé àwo ń bọ̀, àwo ń bọ̀, a ò sì ní rí àwo kankan, àti pé tí orin yẹn bá dùn lóòótọ́ ilé iṣẹ́ tó sáìnì wọn ò ní tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ta gìtá nínú báńdì l'Ádó fún ìgbà pípẹ́, mo mọ ohun tójú wọn ń rí.

Ṣé ẹ rí i, kíkọ orin ní sítúdíò kọ́ ló ń náwó jù. Ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán ni ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: fídíò ń bẹ níbẹ̀, póósítà ń bẹ níbẹ̀, àwọn dí-jéè ń bẹ níbẹ̀, àwọn kan lórí rédíò tí wọn ò ní fọwọ́ kan orin yín àfi tẹ́ ẹ bá rí wọn (ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń wí). Tí ọ̀gá lébù, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, bá wá ṣírò ẹ̀ tó rí i pé owó tóun máa kó lé e ò dájú pé ó máa padà, á kúkú fi èyí tó ti ná jìn, kó má baà tún da òmíì sí i. Ilé tí wọ́n kọ́ dé ibi òrùlé tí wọ́n pa tì pọ̀ ní Adó yìí, ṣé torí pé búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ò dáa ni?

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó mú olórin yẹn wọlé á ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó gbapò ẹ̀ ò sì fẹ́ rí iṣẹ́ ẹni àná sójú, torí tó bá tà ẹni àná ni wọ́n máa yìn, tí ò bá tà òun ni wọ́n máa bú. Tàbí kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà pátá. Lọ́dún 1998 tí Seagram ra ilé iṣẹ́ orin PolyGram tí wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ Universal, ilé iṣẹ́ orin tiwọn, olórin tí wọ́n já sílẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ò kéré, iṣẹ́ àwọn kan sì há síbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé orin tí ò dáa ni wọ́n ń tì pa, kó gbọ́ ti báńdì Wilco l'Ámẹ́ríkà. Lébù wọn, Reprise, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Warner, gbọ́ àwo tí wọ́n kọ tán lọ́dún 2001, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, wọ́n sì já wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn gbé orin wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráyé gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ló bá di pé ilé iṣẹ́ míì, Nonesuch, sáré wá gbà á, ó gbé e jáde lọ́dún 2002, àwo yẹn sì ni àwo wọn tó tà jù. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Warner kan náà ló ni Nonesuch! Wọ́n lé ọmọ jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, wọ́n tún sanwó kó lè gba ẹ̀yìn wọlé.

Nílé níbí ńkọ́? Ṣebí Fẹlá ni. Lẹ́yìn tí àwọn sójà jó ilé ẹ̀ lọ́dún 1977, orin tó fi ọ̀rọ̀ náà kọ, Decca, ilé iṣẹ́ tó ń bá a gbé àwo jáde, ò gbà láti gbé e jáde, ẹ̀rù ìjọba ń bà wọ́n. Fẹlá fúnra ẹ̀ gbé e jáde, nígbà tí ìjà òun àti Decca sì le, ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn l'Ékòó. Ta ló fẹ́ sọ pé orin Fẹlá ò dùn? Àmọ́ Fẹlá ni Fẹlá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò tó bá gbìyànjú ẹ̀, ọlọ́pàá ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Ti àbúrò mi kan ló ń dùn mí. Lébù kan l'Ékòó, mi ò ní dárúkọ wọn, sáìnì ẹ̀, ó kọ àwo odindi, èdè Èkìtì wa gan-an ló fi kọ ọ́, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, orin náà dùn débi pé ìyá mi tí kì í fẹ́ràn ariwo ń bá a gbè é. Ọ̀gá wọn gbọ́ ọ, ó ní àwọn ará Èkó ò ní gbọ́ èdè yẹn, kó lọ fi Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ tún un kọ, kó fi Òyìnbó há a láàárín. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹlẹ́múrẹ Ògúnyẹmí fi èdè Èkìtì kọrin, ṣé wọn ò ra rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ni? Ọ̀gá ò bá a jà o, kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn jókòó lé e ni. Ìwé tí àbúrò mi sáìnì sì sọ pé kò gbọdọ̀ tún orin wọ̀nyẹn kọ fún ẹlòmíì, kò sì gbọdọ̀ bá lébù míì ṣiṣẹ́ títí àdéhùn á fi parí. Orin tó wà nínú orí ẹ̀, tiẹ̀ ni, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, tiwọn ni. Òde ìgbéyàwó ló ti ń kọ ọ́ báyìí.

JoJo, ọmọbìnrin olórin Amẹ́ríkà yẹn, irú ẹ̀ ló ṣe é. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n sáìnì ẹ̀, àwo méjì jáde, 2004 àti 2006, ẹ̀kẹta ò rọ́nà jáde títí ó fi gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 2013. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n fi gba èwe lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Mo gbà pé olórin fúnra ẹ̀ lè ní òun ò fẹ́ mọ́, Prince, olórin Amẹ́ríkà, ṣe é lọ́dún 1987, ó ní kí wọ́n ba àwo tí wọ́n ti tẹ̀ tán jẹ́, ọdún 1994 ló tó jáde. Ìyẹn ò wọ́pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde ni èyí: kí ọmọ tó bá fẹ́ sáìnì mú ìwé náà lọ bá lọ́yà tiẹ̀, kì í ṣe lọ́yà lébù o, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí àwo bá ti parí tí oṣù báyìí báyìí bá kọjá tí wọn ò gbé e jáde, olórin lè san owó sítúdíò padà kó gba máásítà ẹ̀, ìyẹn ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè kọ ọ́, kó mọ̀ pé wọ́n ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá lè bá wa wá lọ́yà kan tí á máa dáhùn ìbéèrè irú èyí nínú ìwé ìròyìn yín, kódà kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èmi gan-an á kọ́kọ́ fi tèmi ránṣẹ́.

Èmi ni, òǹkàwé yín,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì