Ẹ ní kí n ní sùúrù, ẹ tún wá ní ọjọ́ ti kọjá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi sínú ojú fún mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní tún máa ròyìn ohun tí mo rà, nọ́ńbà ọ́dà mi wà lọ́wọ́ yín, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin lórí fóònù, mo ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí.

Ọjọ́ kẹta tí mo wọ lẹ́ǹsì astigmatism yín, ìyẹn ti ẹni tí iwájú ẹyinjú ẹ̀ ò tẹ̀ dọ́gba, ni mo ti pè, pé ojú ọ̀tún mi á ríran kedere, tí n bá ti ṣẹ́jú ó ti di bàìbàì, tí n bá tún ṣẹ́jú ó tún mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kò tíì mọ́ mi lára ni, kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fún un. Mo tún pè, ẹlòmíì ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, sùúrù ni baba ìwà. Mo tún fún un, mi ò wakọ̀ lálẹ́ mọ́, torí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ń fọ́n ká lójú mi ni.

Ìpè kẹta ló dùn mí jù. Ọmọkùnrin kan gbé e, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán tó fi bi mí pé "ṣé o tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ lẹ́ǹsì?" O! Èmi tí mo ti ń wọ lẹ́ǹsì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ohùn ẹ̀ ò sì ju ti àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó ní àwọn kọ́sítọ́mà yòókù kì í pariwo báyìí. Ẹ̀rọ yín ló sọ pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbọ́ ọ. Ó wá ní màníjà máa pè mí lọ́jọ́ Tuesday. Tuesday mẹ́ta ti kọjá o, mo ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ fúnra mi. Ó ní kí n wọ̀ ọ́, a dúró bí ìṣẹ́jú 15 kó fi jókòó dáadáa, ó tan iná sí i, ó ní ilà kékeré ara lẹ́ǹsì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ gan-an, níbi tí aago ti máa ń kọ 6, ti yí kúrò ní nǹkan bíi dígírì 20. Ó ní tó bá fi dígírì 10 péré yí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ tó ń ṣe lórí astigmatism ti lọ, pé bí mo wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀ kò ní mọ́ mi lára, axis, ìyẹn ìhà tí agbára lẹ́ǹsì náà kọjú sí, ni kí wọ́n yí tàbí kí wọ́n fún mi ní irú mìíì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ wá dá mi lóhùn pé ọjọ́ 30 tí èèyàn lè fi dá ọjà padà ti kọjá. Háà! Ọ̀sẹ̀ méjì yín, ọ̀sẹ̀ méjì yín kejì, pẹ̀lú Tuesday yín, ta ló jẹ ọjọ́ yẹn? Ẹ tún wá kọ "a mọrírì yín" sísàlẹ̀. Ẹ ṣeun, mo rí i.

Èyí tí dókítà kọ ni mo fẹ́, àbí kẹ́ ẹ dá gbogbo owó mi padà, kẹ́ ẹ sì fi owó dókítà lé e. Ọjọ́ 7. Tí n ò bá gbọ́, báǹkì ni mo máa ní kó bá mi gba owó yẹn padà, lẹ́tà yìí á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ má sọ pé màníjà máa pè, ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ.

Èmi kọ́sítọ́mà yín, tó ń fi ojú kan tẹ lẹ́tà yìí.