Ìgbà tí a bá fẹ́ gba owó wa ni ìwé ń pọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ti àkáǹtì ìfowópamọ́ kan pa, ni mo bá gba báńkì lọ. Owó tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, n kò jẹ wọ́n ní gbèsè, àkáǹtì náà kò kàn wúlò fún mi mọ́ ni. Mo rò pé màá buwọ́ lu ìwé kan, màá gba owó mi, màá máa lọ.

Fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin ni wọ́n nà sí mi. Mo kọ orúkọ mi ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kan nínú àpótí kan, títí àpótí fi tán tí orúkọ kò tíì tán. Ojú ewé kejì tún bèèrè orúkọ náà. Ìkẹta fẹ́ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, ìlà méjì péré ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ju ìlà méjì lọ.

Ọmọbìnrin tó wà ní kántà gba fọ́ọ̀mù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo fọ́ọ̀mù. "Ẹ má bínú, sà, ìbuwọ́lùwé yín ò jọ ti ọjọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì." Ọjọ́ tí mò ń wí yìí ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, mò ń wo òkè, mò ń rántí bí mo ṣe máa ń tẹ ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn nígbà yẹn. Àṣé èèyàn lè jókòó níwájú báńkì kó máa ṣe ayédèrú ara rẹ̀! Nígbà tí èyí bọ́ sí i, ó ní ó ku ìwé owó iná tàbí ti omi tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Orúkọ ìyàwó mi ló wà lórí tiwa. Ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí lẹ tún fẹ́ fi àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe?

"Òfin ni, sà."

N kò ní parọ́ mọ́ wọn, òfin wà lóòótọ́. Ní 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè méje tí à ń pè ní G7 dá ìgbìmọ̀ FATF sílẹ̀ ní ìpàdé wọn ní Paris, kí owó oògùn olóró má bàa gba inú báńkì kọjá di owó mímọ́. Ìmọ̀ràn 40 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí náà ló ní kí báńkì tọ́jú ìwé oníbàárà, ó kéré tán fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí àjọṣe wọn bá ti parí. Ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Àtúnṣe ọdún 2012 sì fi í sí iwájú pé bí ewu bá ṣe tó ni kí àyẹ̀wò ṣe tó. Ewu wo ló wà nínú owó táṣẹ́rẹ́ tèmi?

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Báńkì yìí kan náà ló ń fi owó ẹ̀yáwó lọ̀ mí lórí fóònù ní òru. Kò bèèrè ìwé iná, kò wo ìbuwọ́lùwé. Tẹ ibí, tẹ ibẹ̀ yẹn, fi àmì sí i pé o ti ka gbogbo àdéhùn (irọ́ tí gbogbo wa ń pa, tí àwọn náà sì mọ̀), owó á sì wọlé kí n tó yíjú. Ìgèrè ni wọ́n hun: ẹja ń wọlé wẹ́rẹ́, ibi tí yóò gbà jáde ni kò rí.

Ẹ bá mi sọ fún wọn: ìwé tí wọ́n bá ti ní, kí wọ́n má bi wá mọ́. Èyí tí wọn kò bá ní, kí wọ́n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà kí a tó kúrò nílé.

Àkáǹtì náà ṣì wà ní ṣíṣí. Lánàá ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti yọ owó ìtọ́jú rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí ìwé ti sú