Ẹ má tíì sọ gìtá yẹn nù

Olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ gìtá oníná ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ìwé yín, Stratocaster, èyí tí àwọn olórin ń pè ní Strat. Láti Mọ́kọ́lá dé Challenge, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni o, inú ẹgbẹ́ jùjú ni o, ẹ ó rí i, yálà ojúlówó tàbí èyí tí wọ́n fi wé e. Ohun tó ń bí ni nínú ni pé bó bá ti kùn díẹ̀, tàbí tí ohùn rẹ̀ bá ń yẹ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á jù ú sí kọ̀rọ̀, wọ́n á lọ ra òmíràn tí yóò ṣe bákan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbà ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Ẹni tó ṣe gìtá yìí kì í ṣe onígìtá. Rédíò ni Leo Fender ń tún ṣe ní Fullerton, ní Kalifọ́níà. Kò fìgbà kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta gìtá. Gìtá tí wọ́n ń gbé sórí itan, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lójú okùn, ló kọ́kọ́ ń ṣe, ẹbí èyí tí King Sunny Ade mú wọ inú jùjú. Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá gbé ohùn gìtá oníhò inú sókè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí hu: sípíkà ń gbọn pátákó, pátákó ń gbọn okùn, okùn ń dá ariwo padà fún sípíkà. Fender fi odindi igi ṣe ara tirẹ̀, igi tó ki kì í gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọdún 1950 ni èyí tí a wá mọ̀ sí Telecaster jáde. Àwọn olórin ráhùn pé etí rẹ̀ ń gún àwọn ní ìhà. Nígbà tí Stratocaster máa dé ní 1954, wọ́n ti fá etí rẹ̀ kúrò kó lè gbá mọ́ra.

Ojú alátùn-únṣe rédíò ló fi wo gbogbo rẹ̀. Síkúrù mẹ́rin ló so ọrùn mọ́ ara, kò sí àtè níbẹ̀. Ẹ tú okùn, ẹ ṣí ike iwájú, gbogbo ìfun rẹ̀ á hàn síta: píkọ̀ọ̀pù mẹ́ta (àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ìró okùn), ṣíìṣì kan, kọ́ńtírólù mẹ́ta. Ẹni tó bá lè jó wáyà rédíò lè tún un ṣe.

Ohun kan wà tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ o. Ibùdúró mẹ́ta ni ṣíìṣì 1954 ní. Àwọn olórin rí i pé bí àwọn bá há a sáàárín méjì, ohùn méjì á da pọ̀, á tẹ́ẹ́rẹ́, á dún bí agogo. Ó di 1977 kí ilé-iṣẹ́ náà tó fi oníbùdúró márùn-ún sí i. Ibùdúró àárín yìí ló bá gìtá tẹ́nọ̀ jùjú mu jù lójú tèmi: á máa tún ìlà kan ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì ní bo gángan lóhùn.

Ní ti kíkùn, òòfà mẹ́fà ló wà nínú píkọ̀ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí yí ká ní nǹkan bí ìgbà 8,000. Wáyà tó tó báyẹn ń gbọ́ okùn, ó sì ń gbọ́ tiransifọ́mà, iná gígùn funfun àti jẹnẹrétọ̀. Kíkùn díẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ẹ fọwọ́ kan okùn: bó bá rọlẹ̀, ara gìtá yá. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣí ike ẹ̀yìn. Wáyà kan wà tí wọ́n jó mọ́ irin tí àwọn síprín so kọ́, òun ló máa ń já. Ẹ jó o padà. Ṣùgbọ́n bí máíkì bá ń gbé yín lẹ́nu bí ẹ ti di gìtá mú, ẹ pa gbogbo rẹ̀ kíá. Ẹ̀bi ampilifáyà tàbí áàtì ilé nìyẹn, ó sì lè pa ènìyàn.

Ní ti ohùn tó ń yẹ̀, bíríìjì, irin tó di okùn mú lára gìtá, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Síprín ń fà á lẹ́yìn, okùn mẹ́fà ń fà á níwájú. Bí ẹ bá fi okùn tó nípọn rọ́pò fẹ́lẹ́, iwájú á borí, bíríìjì á dìde, okùn á ga, ìka á máa dunni. Ẹ yí síkúrù gígùn méjì tó wà nínú ihò ẹ̀yìn wọlé, ìlàjì yíyí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún ohùn ṣe lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í lo ọ̀pá tí wọ́n fi ń mi bíríìjì, kí ó kúkú fi síprín márààrún sí i, kí ó fún un títí bíríìjì á fi jókòó sórí igi. Bí okùn kan bá já lójú agbo, àwọn tó kù kò ní yẹ̀.

Bí ẹ bá sì gbọ́ "tín!" kékeré nígbà tí ẹ ń fún okùn, ó há sójú eyín funfun òkè ọrùn nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù dúdú kun ojú ibẹ̀.

Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, á máa pariwo. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìkẹjọ, àlàfo nǹkan bí ìdámẹ́rin mìlímítà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dẹ irin inú ọrùn. Bó bá pọ̀ jù, ẹ fún un. Ìdámẹ́rin yíyí péré, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹni tó bá fi agbára yí i, odindi ọrùn ni yóò rà.

Kí ẹ tó sanwó fún tokunbo ní Dùgbẹ̀, ẹ má wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Tépù ni kí ẹ mú dání. Láti eyín dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá jẹ́ 324 mìlímítà. Láti ibẹ̀ dé bíríìjì gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó fi díẹ̀ lé e lábẹ́ okùn tó nípọn. Èyí tí wọ́n bá ti kan bíríìjì rẹ̀ síbi tí kò yẹ, kò sí ohun tí yóò mú un bá dùùrù mu.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe gìtá,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.