Lẹ́tà sí Bàbá Àgbà mi, Òṣómàáló

Bàbá Àgbà,

Ìwé yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ń tú ilé Iléṣà. Àwọn ọmọ yín ti pín ilẹ̀ náà tán, wọ́n wá ní kí ọmọ-ọmọ tó bá fẹ́ mú nǹkan wá mú un kí àwọn tó ń wólé tó dé. Mi ò rí owó mọ́tò wá. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló bá mi wé ìwé náà sínú ọ̀rá, ó fi rọ́bà dì í, ó fi rán awakọ̀ sí mi ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni awakọ̀ gbà lọ́wọ́ mi ní gáréèjì. Mo ráhùn títí mo fi délé, torí a ti mọ ohun tí ẹgbẹ̀rún méjì ń ṣe nílé wa báyìí.

Mo rò pé Bíbélì yín ni. Ìwé gbèsè ni.

Pọ́n-ún àti ṣílè lẹ fi ń ṣírò níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ náírà. 1973 nìyẹn, tí wọ́n sọ pọ́n-ún kan di náírà méjì. Ẹ ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. "Bàbá Eléwúrẹ́, àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà." "Ìyàwó Tíṣà." "Alágbẹ̀dẹ olójú kan." Ẹni tó bá san tán, ẹ óò fi bírò pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Mò ń ṣí i, mò ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ewé kan ni mò ń wá, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti já rọ́bà náà.

Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní aláṣọ. Òṣómàáló ni yín. Àwọn tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin ń fi yangàn: òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi. Nínú ilé yín, páálí ìṣáná kan ń lo oṣù mẹ́ta. "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko." Ẹ óò sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ óò gbé àpáàdì fún mi kí n lọ fọnná nílé kejì. Ojú ń tì mí nígbà náà. Lónìí, bí mo bá fẹ́ dá èédú mi, mo máa ń wo fèrèsé aládùúgbò bóyá tiẹ̀ ti ràn, kí n má baà fi kẹrosíìnì ṣòfò. Ẹ rí i pé mi ò gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fẹ́ kí n gbàgbé.

Ọlidé gbọọrọ ọdún 1984 ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi ni mo ń gbé ìwé yìí fún yín. Òwò náà ti ń kú lọ, ẹ ti darúgbó, gbèsè tó kù nígboro lẹ kàn ń kó jọ. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni ìjọba Buhari yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n fún gbogbo ayé ní ọjọ́ díẹ̀ láti lọ pààrọ̀ tọwọ́ wọn ní báńkì. A lọ sí abúlé kòkó kan lẹ́yìn Ilé-Olújì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi dé ẹnu ọ̀nà obìnrin náà. Ẹ lóṣòó. Ẹ ká apá lé orúnkún bí ẹni tó ń yáná. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí yín, ẹ dá a lóhùn dáadáa, ẹ tún béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀. Ó gbé omi wá nínú kọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé kan tó ti bó létí. Ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ò mu ún. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ń wo omi yẹn títí oòrùn fi yọ, tó fi dé inú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó wọlé, ó gbé agolo mílíìkì jáde. Owó wà nínú rẹ̀, náírà-náírà, ó ká a róbótó, ó fi fọ́nrán okùn dì í. Owó àtijọ́ ni. Ó ní àìsàn dá ọkọ òun dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀, ìbejì wà lọ́wọ́ òun, báńkì sì jìnnà. Ẹ gbà á, ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ kà á. Mẹ́sàn-án, ó pé géérégé. Ẹ wá tún un dì bó ṣe wà, ẹ dá a padà fún un. Ẹ ní, "Ìwé lèyí, ìyá."

Kò sunkún, kò ṣépè. Ó tú ọmọ tó pọ̀n sílẹ̀, ó gbé e ti èkejì rẹ̀ lórí ẹní. Àǹkárá ẹlẹ́yẹ tó fi pọ̀n ọ́n, ọwọ́ yín ló ti rà á. Ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí yín.

Ẹ gbà á.

Òjò ká wa mọ́ orí ọkọ̀ akẹ́rù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká tó dé Ìpetu. Otútù mú mi débi pé eyín mi ń lura wọn. Ẹ tú àpò, ẹ fa aṣọ náà yọ, ẹ fi bò mí. Ó ń rùn òórùn ọmọ, àdí pọ̀ mọ́ ìtọ̀. Ẹ gbé apá lé mi, ẹ ò sùn, ẹ ò jẹ́ kí òjò kàn mí títí a fi délé. Kò sí ẹni tó tún ṣìkẹ́ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo sùn fọnfọn lábẹ́ aṣọ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Mo jókòó tì yín láìmọye ìgbà, mo ń bá yín bó ẹ̀pà, ẹ ń sọ ìtàn Òṣómàáló fún mi, bí ẹ ṣe fẹsẹ̀ rìn dé ilẹ̀ Núpé, bí ẹ ṣe sùn sínú igbó. Ẹ ò dárúkọ aṣọ yẹn rí. Kí lẹ fi ṣe? Ṣé ẹ tà á? Àǹkárá tó ti ṣá, tí ìtọ̀ ọmọ ti bà jẹ́, èló ni yóò mú wá? Kì í kúkú ṣe ebi ló ń pa yín. Kí ló dé tí ẹ ò fi fi aṣọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Bàbá Àgbà?

Mo ti rí ojú ewé náà. "Ìyá Ìbejì, ọ̀nà odò. Àǹkárá ẹlẹ́yẹ, ọ̀pá mẹ́fà. Ó kù ₦9." Kò sí ìlà pupa níbẹ̀. Òdo roboto kékeré kan ni ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo ìwé náà ni mo sì tú, kò sí òmíràn. Mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní bóyá ẹ ti fi jì í. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún pè, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé àmì pé kẹ́ ẹ padà lọ ni. Ìyàwó wọn pariwo lẹ́yìn pé yíǹkì ló kán sí i.

Ohun tó mú kí n máa da aṣọ ogójì ọdún rò ni pé wọ́n ti lóṣòó ti èmi náà.

Oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n tún ń yí owó. Buhari náà ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa Micra tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èrò wà ní títì, owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá owó àtijọ́ padà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, àmọ́ a ti jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká tó mí, ó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n gba Micra. Owó oṣù mẹ́rìnlá tó ti san bá a lọ.

Èmi ló yá ti orí fóònù, kí n má purọ́ fún yín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni mo tọrọ, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wọlé, wọ́n ti gé èlé wọn kí n tó fojú kàn án. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Nígbà tí kò rí san, mo yá lọ́wọ́ òmíràn san án. Wọ́n ní láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ní kí irú wọn máa wá forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó kàn mí, bóyá wọn ò gbọ́. Wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi: ọ̀gá iléèwé, pásítọ̀, oníṣu tí mo ń bá ra iṣu. "Ẹ bá wa kìlọ̀ fún un, olè ni." Oníṣu ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí.

Ẹ̀yin ò pariwo ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀ ń wo onígbèsè, òun náà ń wò yín, òjò tó ń pa á ń pa yín. Àwọn tèmi ò lójú tí mo lè wò. Mo rò fún ìgbà díẹ̀ pé tiyín sàn jù. Mo wá rántí kọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé yẹn, ọkàn mi ò gbà á mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ jókòó, a ní kí kálukú kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó jẹ bùrọ̀dá kan ní gáréèjì. Òun náà ò mọ̀ pé mo wà nínú àwọn obìnrin gbọ́múlélántà, tí a jọ ń yá owó, tí à ń san án ní gbogbo ọjọ́bọ̀, tí ẹni kan ò bá sì san, gbogbo wa ò ní lọ ilé. A wo ara wa. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo sunkún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,340,000.

Ẹ̀yìn ìwé yín tó ṣófo ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí. A kọ́kọ́ san ti orí fóònù, torí òun ló ń bímọ kíákíá jù. Fíríjì lọ. Àwọn ọmọ kúrò níléèwé aládàáni, wọ́n bọ́ sí ti ìjọba, àgbà inú wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àpò gaàrí kan là ń dá rà, ilé mẹ́ta, à ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò-kóńgò lójú ara wa kí ìjà má baà wà. Ewédú àti gbúre wà lẹ́yìnkùlé. Alájọ ń gba ₦500 lọ́wọ́ mi lójúmọ́; ó ń jẹ ti ọjọ́ kan lóṣù, mi ò bínú, ó sàn ju kí owó náà máa sùn sílé wa. Aṣọ ẹbí? Ọdún kan ààbọ̀, mi ò já kankan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti ya ahun. Nígbà ìsìnkú ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ tèmi ni mo wọ̀ lọ, wọn ò fún mi níjókòó lábẹ́ àtíbàbà tiwa. Mo dúró. Mo jẹ ìrẹsì mi lóòró, ó sì dùn.

Oṣù tó kọjá la san èyí tó kẹ́yìn lórí fóònù. Ó ku ti alájẹṣẹ́kù iléèwé, ₦410,000. Abíkẹ́yìn mi bi mí léèrè bóyá a ti lè máa jẹ ẹyin. Mo ní ó di oṣù kejìlá.

Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Apẹ̀tẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta bàtà níbẹ̀ jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, owó aṣọ tí mo rán fún un nígbà ìwúyè ọmọ rẹ̀. Mo ti pè é, kì í gbé e. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Kò sí àga nínú ọgbà, kò sí búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ sì rin fún òjò. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo lóṣòó. Kò pẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan yọjú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi inú ọ̀rá fún mi. Mo fi eyín ya á, mo mu ún tán lójú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jáde níkẹyìn, ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún mi, ó ń wo ilẹ̀. Aṣọ tí mo rán wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, ó ń kán tótó. Mo wò ó. Ó rí mi pé mò ń wò ó.

Mo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mo lọ wọ mọ́tò. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé yín: "Ìyá Oníbàtà, Apẹ̀tẹ̀. Bùbá àti ìró. Ó kù ₦15,000."

Èmi ni,
ọmọ tó ń gbé ìwé.