Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Ọlọ́wọ́ Òsì Lórí Ìdí Ìbọn Bullpup

Houston, Texas

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ọdẹ,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì bá ọ dúpẹ́ pé èjìká tí ó ń dà ọ́ láàmú ti ń rọlẹ̀. O ní o fẹ́ ra ìdí bullpup, ike tí a fi ń rọ́pò igi ìbọn kí ìbọn lè kúrú, fún ìbọn Ruger 10/22 rẹ, nítorí pé apá rẹ kò gbà kí o na ìbọn síwájú pẹ́ mọ́, o sì béèrè bóyá ìtura tí mo rí nínú tèmi tó owó tí mo ná lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí a lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ó dára, kí o má baà rò pé ńṣe ni mo fẹ́ bà á jẹ́ lójú rẹ. Ìbọn 10/22, bí ilé-iṣẹ́ Ruger ti ń ṣe é láti 1964, gùn tó íǹṣì 37, ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 18 àbọ̀. Bí a bá tú irin rẹ̀ kúrò nínú igi, tí a sì gbé e sínú ìdí bullpup, a kò gé nǹkan kan kúrò lára ọ̀pá náà; tírígà, irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, ni ó bọ́ síwájú, tí ibi tí ọta ti ń bú wá bọ́ sẹ́yìn, sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ń yìn ín. Tèmi di íǹṣì 27. Ìwúwo rẹ̀ kò sí níwájú mọ́, ó lẹ̀ mọ́ èjìká bí ọmọ tí a so ọ̀já rẹ̀ dáadáa. Ṣé o rántí ṣakabùlà bàbá rẹ, bí a ti máa ń jìjàdù láti nà án síwájú nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì rọra máa wólẹ̀ títí yóò fi kan ewéko? Òdìkejì ìyẹn gan-an ni. Bí mo bá dúró lórí ìdúró tí mo ń ta bébà, mo lè yìn ín fún ìdajì wákàtí kí apá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ti owó wá ńkọ́? Dọ́là 280 ni mo ra ìbọn náà fúnra rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ìdí bullpup gba dọ́là 320 lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìnáwó parí sí. Àfi ìgbà tí mo tò ó tán tí mo rí i pé àmì ìfojúsùn tí ó wà lórí ọ̀pá ti wọ inú ike lọ, kò sì sí bí mo ṣe lè rí i mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pẹ̀lú ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà mo ní láti ra awò alámì pupa, èyí tí ń fi àmì pupa hàn ní ibi tí ìbọn kọjú sí, àti irin tí yóò gbé e sókè. Dọ́là 140 nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù méjì mo tún fi dọ́là 85 kún un nítorí tírígà. Ṣírò rẹ̀: 545, ó kù díẹ̀ kí ó di ìlọ́po méjì owó ìbọn.

Tírígà yìí ni ó bí mi nínú jù. Nínú ìbọn tí ó wà bí wọ́n ti ṣe é, ìka rẹ ń tẹ irin tí ó ń tú òòlù inú ìbọn sílẹ̀ ní tààrà kí ọta lè bú. Nínú ìdí tí a yí padà, tírígà tí ìka rẹ wà lára rẹ̀ kì í ṣe tírígà gidi, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó gba inú ike lọ fa èyí tí ó wà lẹ́yìn. Gbogbo ibi tí ọ̀pá yìí bá ti ha ni ìka rẹ yóò mọ̀. Yóò wúwo, yóò ki, yóò sì dà bí ẹni pé ò ń fa korobá láti inú kànga. O kò ní mọ ìgbà tí ìbọn yóò dún. Èyí tí mo fi dọ́là 85 rà dín ìwúwo rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kíki náà kò lọ. Bọ́tìnì ìdènà, tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì dún, pàápàá dúró sẹ́yìn nítòsí abíyá mi, tí mo fi ní láti gbé ìbọn kúrò léjìká kí n tó lè tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí àlàfo láti tírígà dé èjìká kò ṣe é dín kù.

Síbẹ̀ gbogbo ìyẹn kò tó ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìwọ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni 10/22 ń tu èèpo ọta tí a ti yìn sí. Bí ó bá wà nínú igi rẹ̀, kò sí wàhálà, nítorí ihò tí èèpo ń gbà jáde wà níwájú ojú rẹ. Nínú bullpup, bí o bá gbé e sí èjìká òsì, ihò yẹn wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ. Àbúrò ìyàwó mi, ọlọ́wọ́ òsì bíi tìrẹ, yìn tèmi ní pápá ìyìnbọn. Èèpo àkọ́kọ́ gbá a létè. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọ inú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbóná, ó sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀ sí àyà. Ìbọn ni ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ sí iwájú bí ó ti yẹ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn. Èéfín ẹ̀tù náà sì ta sí i lójú, bí kò bá sí awò ààbò tí ó wọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe bullpup láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ ìṣòro yìí. Steyr AUG, tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà wọlé ní 1977, ṣe é yí padà kí ó máa tu èèpo sí òsì, ṣùgbọ́n a ní láti pààrọ̀ irin inú rẹ̀. Ìbọn L85 tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1985 kò ṣe é yìn ní èjìká òsì; ọlọ́wọ́ òsì tí ó bá wọṣẹ́ ológun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún yìn ín. Bí ìbọn tí ìjọba dìídì ṣe bá rí báyìí, kí ni a fẹ́ retí lọ́wọ́ ike tí a rà láti fi bo irin tí wọ́n ṣe fún igi?

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ṣùgbọ́n má fojú kéré rẹ̀. Bí ọ̀pá ìbọn bá kúrú ju íǹṣì 16 lọ, tàbí tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó íǹṣì 26, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á sí ìbọn kúkúrú tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún kí a tó ṣe é. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10. Íǹṣì kan péré ni ó wà láàárín tèmi àti ààlà yẹn, o sì sọ fún mi nígbà kan pé o ti pààrọ̀ ọ̀pá tìrẹ sí èyí tí ó kúrú. Wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni èjìká yẹn, ìdí lásán tí ó ṣe é fà gùn tàbí tì kúrú ni n bá rà, kí n tì í kúrú kí ìbọn lè sún mọ́ àyà mi, kí n sì wá ọ̀pá tí ó fúyẹ́ sí i. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù níbí kò tó dọ́là 120, àmì ìfojúsùn tí ó wà lórí ìbọn yóò sì wà níbẹ̀. Èmi kò ní ta tèmi o. Mo fẹ́ràn bí ó ti ń wọ ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀, mo sì ti ná owó náà tán.

Mò ń bọ̀ ní Atlanta ní ìparí ọdún, ọkọ̀ ni n ó sì wà wá, nítorí náà n ó gbé e dání sínú àpótí rẹ̀. Má ra ohunkóhun kí n tó dé. Wá ṣẹ́ẹ̀tì tí ó há lọ́rùn sílẹ̀, kí o sì bá mi kí màmá bí o bá pe ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.